Kílò Méje àti Ààbọ̀

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 4 oṣù kẹta

Lẹ́tà dé. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ilé ìjẹun, wọ́n tún fi ẹ̀dà kan lé mi lọ́wọ́ kí n má baà sọ pé mi ò rí i. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹnikẹ́ni tó bá máa gun kíréènì kò gbọdọ̀ ju kílò 90 lọ, tòun ti bàtà, tòun ti akoto. Ọjọ́ 9 oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n á wọ̀n wá. Ẹni tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ilẹ̀ ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé kó máa ka ìdì irin, kó máa gbálẹ̀.

Okùn ló fà á. Bí àárẹ̀ bá kọ lu èèyàn lókè, okùn kan wà tí wọ́n á fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Wọ́n dán an wò, wọ́n ní ohun tó lè gbé kò pọ̀. Mo lọ dúró lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn àpò ẹrù. 97 àti ààbọ̀. Àwọn tó ń mọ ògiri pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

Ọdún méjìlá ni mo ti ń wa Àgùfọn, kíréènì tó ń gbé ẹrù fún àwọn tó ń kọ́lé níbí. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí ọrùn rẹ̀. Àkàbà rẹ̀ ní ìṣísẹ̀ igba ó lé àádọ́rin, àpótí onígíláàsì tí mo ń jókòó sí ló wà lókè pátápátá. Kò sí obìnrin mìíràn tó ń gùn ún níbí. Kí n má purọ́, kò sí ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n wà tó mi náà. Mi ò lè máa gbálẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbálẹ̀ kó gbá a.

Ohùn ní kí n má da ara mi láàmú. Ohùn ni ọkùnrin tó ń dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú rédíò ọwọ́, tó ń darí mi sí ibi tí màá sọ ẹrù sí. Ohùn rẹ̀ ló ń wà létí mi láti àárọ̀ dalẹ́, ìdí tí mo fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án la ti jọ ń ṣe é. Ó fi ọdún mẹ́rìnlá jù mí lọ. Lójú rẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Nínú ìwé yìí, mo ń sọ ọ́ bí ẹgbẹ́ mi. Ìwé ò mọ àgbà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 5

Mo lọ rí nọ́ọ̀sì. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn tútù, ojú tí kì í ṣẹ́. Ó ní kílò méje àti ààbọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún ti pọ̀ jù. Bí mo bá rí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí n dúpẹ́, kí n lọ bẹ àwọn ọ̀gá mi kí wọ́n fún mi lọ́jọ́ sí i. Mo ní èmi kì í bẹ èèyàn. Ó fa bébà kan yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ohun tó kọ fún mi: oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó mọ níwọ̀n. Ẹyin, ẹ̀wà, ẹja, ẹ̀fọ́. Omi dáadáa. Ó wá fa ìlà pupa sábẹ́ èyí tó gbẹ̀yìn: má fo oúnjẹ, pàápàá lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀. Ó ní ọjọ́ yẹn gan-an ni ara ń bèèrè oúnjẹ jù, ọjọ́ yẹn gan-an sì ni èèyàn máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ó fún mi ní ìwé pélébé kan kí n máa kọ gbogbo ohun tí mo bá jẹ sí i.

Mo bi í báwo ni ẹni tó wà nínú àpótí lókè láti aago méje àárọ̀ dé márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣe fẹ́ máa jẹun. Ó ní kí n gbé e dání. Èyí tí mi ò sọ fún un ni pé oúnjẹ ń fẹ́ omi, omi ń fẹ́ ilé ìtọ̀, ilé ìtọ̀ sì wà nísàlẹ̀. Àlọ àtàbọ̀, ìdajì wákàtí. Ta ló fẹ́ fún mi ní ìdajì wákàtí?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 7

Iṣẹ́ pọ̀. Ìgbà mọ́kànlélógójì ni mo gbẹ́rù. Tíì kan ní aago mẹ́fà àárọ̀, kò sí nǹkan mìíràn títí mo fi délé. Oúnjẹ wà nínú báàgì o: ẹyin méjì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan. Mo ń wò ó, ó ń wò mí. Ọwọ́ mi méjèèjì wà lórí ọ̀pá ìdarí, Ohùn ń sọ̀rọ̀ — ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi bó ẹyin?

Nígbà tó máa fi di aago mẹ́wàá, ebi ti sú ara rẹ̀, ó lọ. Ara mi wá fúyẹ́. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo kọ ọ́ sínú ìwé nọ́ọ̀sì: ẹyin méjì, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo kúkú gbé wọn gòkè. Ajá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ló jẹ ẹyin náà.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10

Mo jẹun lónìí bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Àwo mẹ́rin. Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 11

95 àti ààbọ̀. Nọ́ọ̀sì ka ìwé mi, ó ní mo ṣe é dáadáa. Inú mi dùn, àṣé ajá ọlọ́dẹ ló yẹ kó yìn.

Ọkọ mi náà ti rí i. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ló ń wà, ojú rẹ̀ mọ́ nǹkan kéékèèké nítorí àwọn ọmọ. Ó ki ìka bọ abẹ́ bẹ́líìtì mi, ó ní àyè ti wà fún ọwọ́ odidi. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé láìpẹ́ òun á máa wá mi kiri lórí ibùsùn. Ó pẹ́ tó ti bá mi ṣeré bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí iṣẹ́ pọ̀ ló ń fa kílò wálẹ̀. Mo ti rí i báyìí. Mo ti ń fojú sọ́nà fún wọn.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 15

Ìgbà mẹ́rìndínlógójì. Tíì. Ìdajì búrẹ́dì.

Mo ń ro òfin wa lónìí, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ẹrù bá ń lọ sí ibi tí ojú mi ò dé, bí ẹ̀yìn ògiri tàbí inú kòtò, ohùn Ohùn ni mo fi ń ríran. Kì í dákẹ́. “Sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́,” bẹ́ẹ̀ ni yóò máa wí láìsinmi títí ẹrù á fi dé ibi tó fẹ́. Bó bá ti dákẹ́, mo dúró. Kò nílò kó sọ pé kí n dúró. Rédíò lè kú, ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yọ̀, ẹnìkan lè ṣèèṣì kọjá: ohunkóhun tó bá pa á lẹ́nu mọ́, èmi ti dúró. Òfin yẹn ni kò jẹ́ ká tíì ṣe ẹnikẹ́ni léṣe láti ọdún mẹ́sàn-án.

Nígbà tí mo ń fọ abọ́ nírọ̀lẹ́, mo ṣì ń gbọ́ “sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́” létí. Mo rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ti wọ̀ mí lára.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 19

94. Adájọ́ tú báàgì mi. Ọmọbìnrin mi ni, ọdún mẹ́rìndínlógún, kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dá lẹ́jọ́ nínú ilé yìí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti dúdú ló bá, àti búrẹ́dì tó ti le. Ó ní oúnjẹ mi ń lọ ó ń bọ̀ bí èrò ọkọ̀. Mo ní kó má sọ fún bàbá rẹ̀. Ó ní òun ò ní sọ, ṣùgbọ́n ó wò mí bí ẹni tó ti gbẹ́jọ́ mi tán.

Nígbà tí a ń jẹun alẹ́, ó ti àwo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní òun ti yó. Kò tíì jẹ ìdajì. Mo ní kó jẹ ẹ́ tán. Ó kàn gbójú sókè, ó wo àwo tèmi.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 21

Tíì méjì. Bisikíìtì kan. Mo dìde lójijì, gíláàsì àpótí ṣú mọ́ mi lójú. Ó lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 25

92 àti díẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé bírò rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní ohun tó wà nínú ìwé yìí àti ohun tó wà lórí òṣùwọ̀n yìí, wọn ò mọ ara wọn rí. Ó rọra sọ ọ́, kò pariwo. Ó bi mí bóyá òòyì ń kọ́ mi. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá mo ń sùn dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ wa kí wọ́n fún mi ní oṣù kan sí i, lẹ́tà lásán ni, kò ní ná mi ní nǹkan kan.

Mo ní kó má ṣe é. Àwọn ọ̀gá á ní obìnrin ló ń wá àánú. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ á tún pàtẹ́wọ́. Ó kó súìtì mẹ́fà sí mi lápò, ó ní kí n máa fi ọ̀kan sẹ́nu bí ojú mi bá ń ṣú. Mi ò ì sọ fún un pé ojú mi ń ṣú.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 27

Kọnkéré bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko, fóòmáànù, olórí àwọn òṣìṣẹ́ wa, ní kò sí ìsinmi. Tíì. Súìtì méjì. Lálẹ́, ó rẹ̀ mí débi pé mi ò lè jẹun. 91 lórí òṣùwọ̀n ilé.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 28

Kí n máa kọ ọ́ bó ṣe wá.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀. Ìdì irin kan, ó wúwo tó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ méjì. Ẹ̀yìn ògiri tó ga ló ń lọ, mi ò lè rí ibẹ̀. Ohùn ń wí: sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́. Mo ń sọ̀ ọ́. Ara mi fúyẹ́, ọ̀sán mọ́lẹ̀ kedere, mo tilẹ̀ rò pé mi ò tíì ṣiṣẹ́ dáadáa tó báyìí rí. Sọ̀ ọ́, sọ̀ ọ́. Mo ń sọ̀ ọ́. Lójijì okùn tó gbé irin náà dẹ̀. Irin ti jókòó. Ó jókòó kó tó yẹ kó jókòó.

Ariwo bẹ́ nínú rédíò, kì í ṣe ti Ohùn nìkan.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń so irin ti padà síbẹ̀ láti mú ẹ̀mú rẹ̀ tó gbàgbé. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tó rí òjìji lórí ara rẹ̀, ó ta kìjí, ṣùgbọ́n bàtà rẹ̀ há sáàárín irin ilẹ̀. Ó yọ ẹsẹ̀, ó fi bàtà sílẹ̀. Bàtà náà ló wà lábẹ́ ìdì irin báyìí. Mo rí i nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìwé. Ọkùnrin náà bó díẹ̀ lọ́rùn ẹsẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń gbọ̀n, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di rédíò mú. Ó ní, “Mo dákẹ́. Àbúrò, mo dákẹ́.”

Mo ní, “Mo ń gbọ́ yín.”

Mo gbọ́ ọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n iná kékeré kan wà lára rédíò tó wà lọ́dọ̀ mi lókè, aláwọ̀ ewé. Bí Ohùn bá ń sọ̀rọ̀, á tàn. Bó bá dákẹ́, á kú. Mo ti jókòó sórí ibùsùn báyìí, mo ti jẹ súìtì mẹ́rin tó kù, orí mi ti ń padà bọ̀ sípò, mo sì ń rí iná náà. Ó ti kú. Mo rí i pé ó ti kú, mo ṣì ń gbọ́ ohùn.

Orí mi ló ń sọ̀rọ̀. Ebi ló ń sọ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 29

Wọ́n pè wá jókòó. Fóòmáànù, ẹni tó ń rí sí ààbò nílé iṣẹ́, Ohùn, èmi. Wọ́n bi mí kí ni mo gbọ́. Mo ní mo gbọ́ “sọ̀ ọ́”. Wọ́n bi mí ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Òótọ́ ni mo sọ, irọ́ sì ni. Wọn ò bi mí léèrè nípa iná. Wọn ò bi mí léèrè kí ni mo jẹ. Èmi náà ò sì sọ.

Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù kí wọ́n wọ̀n wá. Ìyẹn ni mo ń rò. Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí: èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, kílò ni mo ń rò.

Ohùn ti kọ́kọ́ ń jiyàn. Ó ní òun rí ọkùnrin náà tó wọlé, òun sì panu mọ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo sọ tèmi, ó yíjú wò mí. Kò bínú, ìbá sàn kó bínú. Ó wá sọ fún wọn pé, “Tí àbúrò mi bá ní òun gbọ́ mi, á jẹ́ pé mo sọ ọ́. Ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì ṣì mí gbọ́ rí. Èmi ni mi ò rántí.”

Wọ́n gba rédíò lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní kó lọ sílé ná, wọ́n á kọ̀wé sí i nípa ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Nígbà tó ń jáde, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní kí n pẹ̀lẹ́, pé òun ti dẹ́rù bà mí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 30

Mo jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Kò sí èyí tó dùn.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù kẹrin

Ohùn tuntun. Ọkùnrin kan tó ń húkọ́ láàárín ọ̀rọ̀. Iná ni mo ń wò, mi ò gbẹ́kẹ̀ lé etí mi mọ́. Bí iná bá kú, mo dúró, kódà bí ikọ́ lásán ló pa á. Iṣẹ́ ń falẹ̀. Fóòmáànù ń pariwo láti ìsàlẹ̀, ó ní ṣé ìgbín ni wọ́n gbé gun kíréènì lónìí ni.

Mo jẹ ẹyin kan ní aago mẹ́wàá. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀, mo gbà kí wọ́n bú mi. Lálẹ́ mo tún dín oúnjẹ kù nítorí òṣùwọ̀n. Mi ò mọ ẹni tí mo ń tàn jẹ.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 5

90 àti díẹ̀. Aso-irin náà gbé ẹsẹ̀ sókè láti ìsàlẹ̀ kó lè fi bàtà tuntun rẹ̀ hàn mí. Ó ń jó yíká. Gbogbo wọn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Mo juwọ́ sí i.

Ọkọ mi bi mí kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ mọ́ nínú ilé. Mo ní iṣẹ́ ni. Ó gbà á gbọ́. Gbogbo èèyàn ló ń gbà mí gbọ́ láyé yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9

89 àti ààbọ̀, tòun ti bàtà, tòun ti akoto. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé mi, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní òǹtẹ̀. Fóòmáànù bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní òun mọ̀ pé mo lè ṣe é. Àwọn tó pàtẹ́wọ́ nígbà yẹn tún pàtẹ́wọ́, ti òdodo ni lọ́tẹ̀ yìí.

Mo ti rò pé màá yọ̀. Mo lọ jókòó nínú ilé ìtọ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sunkún. Ojú ń tì mí. Kò sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún ju ìwé yìí lọ, ojú tiẹ̀ náà ti ń tì mí.

Ọjọ́rú, ọjọ́ 10

Ìyàwó Ohùn wá kó ẹrù rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ni wọ́n ní kí n mú un lọ síbẹ̀. Obìnrin jẹ́jẹ́, ó di àpò mọ́ra bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ọkọ òun ti máa ń gbàgbé nǹkan níbi iṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní kí n má fi pamọ́ fún òun, pé òun ti ń múra ọkàn sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá ọkọ rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọdún díẹ̀ kó tó pé ọgọ́ta, ó gbàgbé nǹkan kan, ó tún gbàgbé òmíràn, nígbà tó yá kò mọ àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́. Ohùn ló tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Ó wá gbà báyìí pé tòun ti dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń padà lọ wo gáàsì kó tó sùn. Ó ti kó kọ́kọ́rọ́ mọ́tò fún ìyàwó rẹ̀. Ó ń kọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ sínú ìwé kan, ó ń kà á láràárọ̀. Wọ́n ti gba ọjọ́ lọ́dọ̀ dókítà tó ń wo ọpọlọ.

Ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹlòmíì á ti bò ó mọ́lẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́. Ẹ ti jẹ́ ká tètè mọ̀.”

Mo ní kò tọ́pẹ́. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo gbé àpò náà dé ẹnu ọ̀nà fún un.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 11

Kí aago méje tó lù, mo ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn fóòmáànù. Mo rò ó fún un látòkèdélẹ̀. Tíì, súìtì, iná tó ti kú. Mo gbé ìwé nọ́ọ̀sì lé orí tábìlì rẹ̀, mo ní ìdajì ohun tó wà níbẹ̀, ajá ọlọ́dẹ ló jẹ ẹ́.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn ti parí, pé ọkùnrin náà ti fẹnu ara rẹ̀ gbà á. Ó ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yege níjẹta, òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ kò tíì gbẹ, ta ló rán mi níṣẹ́? Ó ní kí n padà sókè, kọnkéré ń dúró. Ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́, bí ẹni tó ń fún mi lẹ́bùn. Mo sì fẹ́ gbà á. Kí n má purọ́ fún ìwé, ẹsẹ̀ mi ti ń yí padà sí ẹnu ọ̀nà.

Mo ní kó fún mi ní bébà. Ojú ewé méjì ni mo kọ, mo fọwọ́ sí i. Ó kà á, ó fọwọ́ nu ojú. Ó na ọwọ́ sí mi, mo gbé kọ́kọ́rọ́ Àgùfọn lé e. Ó ní kí n lọ sílé títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè mí. Bí wọn ò bá pè mí, kí n mọ̀ pé ìyẹn náà ni ìdáhùn.

Mo jẹun nígbà tí mo délé. Adájọ́ jókòó tì mí, ó jẹ tiẹ̀ náà tán. Mo sọ fún òun àti bàbá rẹ̀. Ọkọ mi bi mí ṣé mo ti lọ rí Ohùn. Mo ní ọ̀la.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 12

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Ohùn wà lórí àga nítòsí fèrèsé. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ wà lórí ẹní níwájú rẹ̀, ọmọ oṣù mẹ́jọ, ó ń rá kòrò. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó fẹ́ dìde, mo ní kó má dìde. Mo kúnlẹ̀, mi ò sì dìde lórí ìkúnlẹ̀ náà títí mo fi sọ ọ́ tán.

Kò dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́. Nígbà tí mo parí, ọmọ náà ṣì ń sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ní, “Iná yẹn. Ó ti kú?”

Mo ní ó ti kú.

“O fojú rẹ rí i?”

Mo ní mo fojú mi rí i.

“Á jẹ́ pé mo dákẹ́.”

Mo ní, “Ẹ dákẹ́. Ẹ dákẹ́ lásìkò gan-an.”

Ó fọwọ́ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ẹkún ni, kò dá mi lójú. Mo ní mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún fóòmáànù, pé wọ́n á pè é padà. Bí ẹni tí kò gbọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Èmi tí kì í bẹ èèyàn, mo bẹ̀ ẹ́ títí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu mi.

Nígbà tó gbọ́wọ́ kúrò lójú, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Ọmọ náà ló ń wò. Ó ní, “Ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rèé tí mi ò tíì gbé ọmọ yìí. Wọ́n á gbé e fún mi, màá ní kí wọ́n gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ gbàgbé pé ó wà lọ́wọ́ mi.”

Ó dìde. Ó tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé e. Ó gbé e mọ́ àyà, ó gbé e wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo dúró títí. Kò jáde mọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló sìn mí dé ìta, ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi. Kò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lónìí.